Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ọmọ kíláàsì mi fẹ́ kí ẹni tó bá òwò ẹrú jà wà lórí náírà

Tíṣà_ÒkèFìà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará Òṣogbo, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé àtẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn odi. Ìtàn ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ JSS 3. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òwò ẹrú là ń kà, mo ń ṣàlàyé Àgbádárìgì fún wọn, bí wọ́n ṣe ń kó èèyàn sọdá omi lọ sí Gbẹ̀rẹ̀fù kí ọkọ̀ tó gbé wọn lọ pátápátá, gbogbo kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́. Ni ọmọbìnrin kan bá yọ ogún náírà lápò, owó náà ti gbó débi pé ojú Murtala ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́, ó yí i sẹ́yìn, ó fìka sí màmá tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò, ó ní "Mà, ta nìyí?" Mo ní Ladi Kwali ni, amọ̀kòkò tí òkìkí ẹ̀ kàn dé òkè òkun, ọmọ Kwali lápá Abuja. Ó ronú díẹ̀, ó ní "Ẹni tó mọ ìkòkò wà lórí owó wa, olóṣèlú wà níbẹ̀, àwọn tí wọ́n tà lẹ́rú tí wọ́n sì jà fún ara wọn ńkọ́?" Mi ò rí nǹkan kan sọ.

Látọjọ́ náà ni wọn ò ti jẹ́ n gbádùn, wọ́n ní àwọn máa kọ lẹ́tà sí CBN, mo sì ti ṣèlérí fún wọn pé a ó kọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ rò pó yẹ ká dárúkọ? Kí ló yẹ ká sá fún? Ibo la ó gbé lẹ́tà náà gbà tó fi máa dé ibi tó ń lọ? Ẹni tó bá mọ nǹkan pàtó ni kó bá mi sọ ọ́ o, torí ọmọ ọdún 13, ọdún 14 ló máa kọ ọ́, mi ò fẹ́ kí wọ́n kọ irọ́ kankan síbẹ̀.

Akọ̀wéBáńkì_Tófẹ̀yìntì

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ àṣelà. Ọ̀rọ̀ ibi tí lẹ́tà máa gbà ni màá kọ́kọ́ dáhùn, torí ibi iṣẹ́ mi nìyẹn kí n tó fẹ̀yìntì. Gómìnà CBN nìkan kọ́ ló ń pinnu ojú ẹni tó máa wà lórí owó. Òfin CBN ti 2007, abala 19, ló là á sílẹ̀ pé bọ́ọ̀dù CBN ló máa dábàá ẹ̀, Ààrẹ orílẹ̀-èdè ló sì máa fọwọ́ sí i, àti iye owó náà àti bí àwòrán ẹ̀ ṣe máa rí. Nítorí náà gómìnà ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí, kẹ́ ẹ sọ ọ́ kedere pé ẹ fẹ́ kó gbé e síwájú bọ́ọ̀dù, kẹ́ ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí aṣòfin tó ń ṣojú wa l'Abuja. CBN ní ẹ̀ka níbí l'Òṣogbo, ẹ gbé e lọ lọ́wọ́ ara yín, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín pé àwọn gbà á. Lẹ́tà tí ò ní òǹtẹ̀, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá padà lọ bèèrè ẹ̀, ẹ ò ní ohun tẹ́ ẹ máa fi hàn.

Ìkejì, ẹ má ní kí wọ́n yọ ẹnikẹ́ni kúrò. Tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n yọ Sardauna lórí 200 tàbí Zik lórí 500, ọ̀rọ̀ ẹ̀yà ló máa dà kí wọ́n tó ka lẹ́tà yín dé ìdajì. Ẹ̀yìn owó ni kẹ́ ẹ tọrọ, bíi ti Ladi Kwali yẹn, tàbí kẹ́ ẹ tọrọ owó ìrántí. Ní 2014 tí Nàìjíríà pé 100 ọdún, CBN tẹ 100 náírà tuntun láti fi sàmì ẹ̀, Awólọ́wọ̀ ṣì wà níbẹ̀, wọn ò yọ ọ́. Ìlú Òyìnbó náà ṣe irú ẹ̀ ní 2007, nígbà tó pé 200 ọdún tí wọ́n ti fòfin de òwò ẹrú, wọ́n rọ owó irin 2 pọ́ùn, wọ́n kọ 1807 sára ẹ̀, òdo àárín 1807 yẹn sì jẹ́ òrùka ẹ̀wọ̀n tó já. Kò sójú ẹnì kankan níbẹ̀, síbẹ̀ ẹni tó bá rí i mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

ỌmọAláró

Kí la tún ń wá kiri? Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ni! Ọmọ Òṣogbo wa níbí ni wọ́n mú lẹ́rú tó wá di bíṣọ́ọ̀bù, òun ló ṣáájú àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, ẹ gbé e síbẹ̀ kíá.

ỌmọÒṣoògùn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi o, Òṣoògùn ni wọ́n ti mú Àjàyí, kì í ṣe Òṣogbo. Orúkọ ló jọra. Òṣoògùn wà lápá Ìsẹ́yìn, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti bí bàbá mi, àṣìṣe yìí sì ti sú wa. Tíṣà, ẹ bá wa tún un ṣe fáwọn ọmọ yẹn kí wọ́n tó kọ ọ́ sínú lẹ́tà.

Àmọ́ ẹni tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn, ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún wa. Ní 1821 ni wọ́n kógun ja Òṣoògùn, ọmọ bí ọdún 12 ni, wọ́n fokùn so òun àti ìyá ẹ̀ àtàwọn àbúrò ẹ̀ mọ́ra. Nígbà tó yá, wọ́n pín wọn, wọ́n fi Àjàyí ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin kan. Ẹṣin o! Ẹni tó gba ẹṣin náà ní kò tẹ́ òun lọ́rùn, ni wọ́n bá dá Àjàyí padà bí ẹni dá ọjà padà. Wọ́n tún tà á, wọ́n tún un tà, ìgbà kan wà tó jẹ́ tábà àti ọtí ni wọ́n fi rà á. Òun fúnra ẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn òru kan wà tóun fẹ́ fi ìgbànú òun fún ara òun lọ́rùn. Ẹ rántí pé ọmọdé ni, ọmọ tí ò ju ọmọ kíláàsì yín lọ. Ní oṣù Kẹrin 1822 ni ọkọ̀ àwọn Potogí gbé e l'Ékòó, àwọn sójà ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ọkọ̀ náà dúró, wọ́n kó wọn lọ sí Freetown.

Ibi tó máa ń pa mí lẹ́kún ni 1846. Ó ti di àlùfáà nígbà yẹn, ó wà l'Abẹ́òkúta, wọ́n ní ìyá kan ń bọ̀ wá rí i. Ìyá ẹ̀ ni, Àfàlá, ọdún 25 ti kọjá. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, kò sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀, omi kàn ń dà lójú ìyá lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ti rù. Tí wọ́n bá bi mí pé kí ni ká yà sẹ́yìn owó, mi ò ní kí wọ́n ya aṣọ bíṣọ́ọ̀bù, ìyá yẹn àti ọmọ ẹ̀ ni kí wọ́n yà.

ỌmọAláró

Ẹ ṣé é gan-an. Ọjọ́ tí mo ti dáyé, Òṣogbo ni mò ń kà á sí, mo dẹ̀ ti sọ ọ́ fáwọn ọmọ mi bẹ́ẹ̀. Màá lọ tún un sọ fún wọn lálẹ́ yìí.

Alhaja_Ìsàlẹ̀Ọ̀ṣun

Salamu alaekun gbogbo yín. Mi ò lòdì sí Crowther o, ìyà tó jẹ ẹ́ kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n Tíṣà, ẹ wo kíláàsì yín, ṣé Kìrìsìtẹ́nì nìkan ló wà níbẹ̀? L'Òṣogbo yìí, ìdajì àwọn ọmọ yẹn ló máa jẹ́ Mùsùlùmí, ó sì yẹ kí wọ́n mọ̀ pé àwọn èèyàn tiwọn náà jà. Ní 1835, nínú oṣù Ramadan, àwọn ẹrú tó jẹ́ Mùsùlùmí dìde nílùú Salvador ní Bahia, ní Brazil. Nàgó ni wọ́n ń pe púpọ̀ nínú wọn, Yorùbá wa yìí náà ni. Wọ́n mọ̀wé kéú, wọ́n fi ń kọ nǹkan síra wọn, wọ́n fi ń ṣe tírà. Bàbá àgbà kan wà láàárín wọn tó ń jẹ́ Licutan, Bilal lorúkọ ẹ̀ nínú Islam, inú ẹ̀wọ̀n ló wà nígbà tí ìjà bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe pé ó ṣẹ̀, gbèsè ló wà lọ́rùn ọ̀gá ẹ̀, wọ́n wá mú un tì mọ́lé bí wọ́n ṣe ń gba ẹrù olówó lọ, wọ́n fẹ́ gbé e lu gbàǹjo. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ lọ kọlu ọgbà ẹ̀wọ̀n yẹn láti gbà á sílẹ̀. Wọn ò borí lóru ọjọ́ náà, wọ́n pa nínú wọn, wọ́n na àwọn kan ní pàṣán, wọ́n dá àwọn kan padà sílẹ̀ Áfíríkà. Ẹ fi kọ́ wọn.

Ṣeun_DadaEstate

Alhaja, ẹ ṣeun mà, èmi ò gbọ́ ti Licutan rí.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ká má rò pé ohun tó ṣòro la fẹ́ tọrọ, torí àwọn ìlú mìíràn ti ṣe é. Sierra Leone tó wà nítòsí wa níbí, Sengbe Pieh ló wà lórí 5000 leone wọn kí wọ́n tó gé òdo mẹ́ta kúrò lára owó wọn ní 2022. Ọmọ Mende ni, àgbẹ̀ onírẹsì ni, wọ́n jí i gbé, wọ́n tà á dé Cuba. Ní 1839, òun àtàwọn tó kù gba ọkọ̀ Amistad mọ́ àwọn tó rà wọ́n lọ́wọ́, ọkọ̀ gbé wọn dé Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe ẹjọ́ náà títí dé kóòtù tó ga jù níbẹ̀, ní 1841 kóòtù ní òmìnira ni wọ́n, 1842 ni àwọn tó ṣẹ́kù dé ilé. Haiti gbé Sanité Bélair sórí 10 gourde wọn, obìnrin ni, sójà ni, ní 1802 tí àwọn Faransé fẹ́ bẹ́ ẹ lórí, ó ní rárá, ìbọn ni kí wọ́n fi pa òun bí wọ́n ṣe ń pa sójà.

Ti Jamaica ló wú mi lórí jù. Nanny, olórí àwọn Maroon, àwọn ẹrú tó sá gun orí òkè lọ tí wọ́n sì bá sójà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òun ló wà lórí 500 dọ́là wọn, ní 2023 tí wọ́n kó owó tuntun jáde, wọ́n fi Sam Sharpe tì í, ìyẹn tó ṣáájú ọ̀tẹ̀ ìgbà Kérésì 1831 tí wọ́n sì so kọ́ ní 1832. Tíṣà, ẹ gbọ́ o: kò sí fọ́tò Nanny kankan láyé yìí. Ayàwòrán ló jókòó tó ya ojú ẹ̀ látinú ìtàn. Nítorí náà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fáwọn ọmọ yín pé "a ò mọ bí ẹni tẹ́ ẹ dárúkọ ṣe rí", kí wọ́n dárúkọ Nanny. Àwọn ará Jamaica tiẹ̀ ti sọ owó náà lórúkọ ẹ̀, wọ́n á ní "fún mi ní Nanny kan", 500 dọ́là ni wọ́n ń tọrọ.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ sá fún wá ni ká kàn mú orúkọ èèyàn ńlá ká fi síbẹ̀ láìwo ẹ̀yìn ẹ̀. Ẹni tó bá ní Ẹfúnróyè Tinúbú, alágbára obìnrin ni lóòótọ́, ó dúró ti Ẹ̀gbá nígbà ogun Dàhọ̀mì, àmọ́ ó ta ẹrú. Ẹfúnṣetán Aníwúrà kó ẹrú rẹpẹtẹ. Ẹ lè kọ́ ìtàn wọn ní kíláàsì, ẹ má fi sínú lẹ́tà yìí.

MàmáRíṣíkà

Ẹ kú ọ̀rọ̀ àsọye. Gààrí àti èlùbọ́ ni mò ń tà l'Ọjà Ọba, mi ò kàwé púpọ̀ ṣùgbọ́n owó ń gba ọwọ́ mi kọjá láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Akọ̀wé ní kẹ́ ẹ tọrọ owó irin. Sà, ẹ má bínú, ta ló ń gba owó irin lọ́jà? Ọmọ tí mo bí gbẹ̀yìn ò fojú rí owó irin náírà rí, ọmọ ọdún 15 ni. Tẹ́ ẹ bá gbé ẹni iyì sórí ohun tí èèyàn ò ní ná, ẹ ti fi pa mọ́ nìyẹn. Owó tó bá kéré jù náà, wọ́n á gé e, wọ́n á fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́, wọ́n á ká a bọ inú bùrọ́sìà, àwọn oníbárà pàápàá ò fẹ́ 5 náírà mọ́. 500 tàbí 1000 ni kẹ́ ẹ sọ.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ má sọ pé kí wọ́n yí gbogbo owó padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 tí wọ́n ní ká kó owó àtijọ́ wá, tí tuntun ò sì sí níta, mo jókòó ti gààrí mi, oníbàárà mi ń bọ̀ pẹ̀lú owó lórí fóònù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò gbé e, ìyá kan sunkún síwájú mi torí kóńgò méjì. Àwọ̀ owó náà ni wọ́n yí, ojú àwọn tó wà lórí ẹ̀ ò yí. Ọ̀nà pẹ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ tọrọ, kí tuntun máa jáde kí àtijọ́ ṣì máa jẹ́ owó.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ń dùn mí tí mo bá lọ òde ìyàwó tí wọ́n ń ná owó fún ìyàwó, tí owó bọ́ sílẹ̀, tí bàtà ń tẹ ojú Awólọ́wọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ láyé rí, a ò gbọdọ̀ tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lórí owó.

Akọ̀wéBáńkì_Tófẹ̀yìntì

Màmá, ẹ jàre mi lórí owó irin, mo gbà. Ti ìnáwó yẹn, ó ti wà nínú òfin kan náà ti 2007, abala 21: ẹni tó bá ń ná owó lójú agbo tàbí tó bá ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lè lọ ẹ̀wọ̀n oṣù 6 ó kéré tán, tàbí kó san 50,000 náírà ó kéré tán, tàbí méjèèjì. Àwọn ọmọ lè kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé àwọn ò ní ná owó lóde mọ́, ó máa jẹ́ kí wọ́n rí i pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ẹ jẹ́ n fi nǹkan kan kún ti Crowther. Ẹni tó wà lórí náírà kan, Herbert Macaulay, tó wà lórí 1 náírà bébà láti 1979 kó tó bọ́ sórí onírin, ọmọ ọmọ Crowther ni. Abigail, ọmọ Crowther lóbìnrin, ló bí i. Ọmọ ọmọ ẹni tí wọ́n fi ẹṣin pààrọ̀ ti wà lórí owó wa tipẹ́, bàbá àgbà ẹ̀ gan-an ni kò tíì débẹ̀.

ỌmọÒròkí_Maryland

Ẹ kú àárọ̀ láti Baltimore. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí látàná, mo ní kí n tó sùn mo gbọ́dọ̀ kọ tèmi, torí mo ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbí.

Ibi tí wọ́n bí Harriet Tubman sí, ẹrú tó sá tó sì padà wá ń kó àwọn ẹrú mìíràn sá, ò jìnnà sí mi, Dorchester County ni, èmi àti ìyàwó mi wa mọ́tò lọ síbẹ̀ lọ́dún kan, wọ́n ti kọ́ ilé ìrántí sí Church Creek láti 2017. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, àbàtà ni, koríko gíga nínú omi, kò sí òkè téèyàn lè sá sẹ́yìn ẹ̀, ẹ̀fọn ò jẹ́ ká dúró sójú kan. Mo dúró níbẹ̀, mo ń ro bí obìnrin kan ṣe ń gba inú ẹ̀ lóru. Nígbà tó wà lọ́mọdé, wọ́n ju irin òṣùwọ̀n tó wúwo tó pọ́ùn méjì, ó bà á lórí, láti ìgbà náà ló ti máa ń sùn lọ lójijì títí tó fi kú. Pẹ̀lú orí yẹn náà ló fi sá lọ ní 1849, tó sì padà wá bí ìgbà 13, tó kó èèyàn bí 70 jáde, kò pàdánù ẹnì kankan lójú ọ̀nà. Ní 1863, ó ṣáájú sójà lọ sí odò Combahee ní South Carolina, èèyàn tó lé ní 700 ló dòmìnira lọ́jọ́ kan.

Ọ̀rọ̀ owó wá. Ní 2015 àwọn obìnrin kan níbí ní kí aráàlú dìbò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Tubman ló wọlé. Ní oṣù Kẹrin 2016 mínísítà ètò ìnáwó, Jack Lew, jáde pé Tubman máa wà níwájú 20 dọ́là, Andrew Jackson tó jẹ́ Ààrẹ tó kó ẹrú rẹpẹtẹ sóko ẹ̀ máa bọ́ sẹ́yìn. Inú wa dùn, a jó. Ní 2019 mínísítà mìíràn ní kò ní yá tó bẹ́ẹ̀. Ní 2021 ìjọba mìíràn tún dé, wọ́n ní àwọn máa tètè ṣe é. Ẹ yọ 20 dọ́là lápò mi lónìí, Jackson ni. Ohun tó jáde ni owó irin ìrántí ti 2024, ìyẹn sì jáde torí pé àwọn aṣòfin ṣòfin lé e lórí ní 2022. Nítorí náà Akọ̀wé, ẹ̀dà lẹ́tà tẹ́ ẹ ní kí wọ́n fún aṣòfin yẹn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbàgbé ẹ̀. Ká sì ní kí wọ́n dá ọjọ́. Ìlérí tí ò lọ́jọ́, ìjọba tó bá tẹ̀ lé e ló máa jogún ẹ̀.

Mo gbàgbé kiní kan. Nígbà tí Tubman darúgbó, tó ti bẹ ìjọba fún ọ̀pọ̀ ọdún pé kí wọ́n sanwó iṣẹ́ ogun tóun ṣe, iye tí wọ́n padà fọwọ́ sí fún un ní 1899 ni 20 dọ́là lóṣù.

BàbáÀgbà_Ayétòrò

Mo kí gbogbo yín. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Mo ti lé ní 70 ọdún.

Ohun tí mi ò tíì rí kí ẹnikẹ́ni sọ ni èyí. Ẹ ń sọ Amẹ́ríkà, ẹ ń sọ Brazil, gbogbo ẹ̀ dáa. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́kọ́ tà wọ́n? Ìyá bàbá bàbá mi, ìyẹn tó bí ẹni tó bí bàbá mi, ilà ojú ẹ̀ ò jọ ti ẹnikẹ́ni nínú agbo ilé wa. Gbogbo wa la mọ̀, torí bàbá mi máa ń sọ bí ojú ẹ̀ ṣe rí, ìlà mẹ́ta tó rìn gùn wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tá a bá bèèrè ìlú ẹ̀ nígbà tá a wà lọ́mọdé, wọ́n á ní ká lọ pọnmi. Ọdún tí bàbá mi máa kú ló tó pè mí, ó ní ogun ló kó o nígbà tó wà lọ́mọge, ọjà ni wọ́n ti rà á, owó ẹyọ ni wọ́n san, wọ́n ò sì sọ fún un rí bóyá àwọn tiẹ̀ ń wá a. Ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn. Bàbá mi sọ ọ́, ó yíjú sí ògiri. Ẹ má sì dà á pọ̀ mọ́ ìwọ̀fà o, ìwọ̀fà ń ṣiṣẹ́ gbèsè, ó mọ ilé, ó lè padà síbẹ̀. Òun ò padà.

Ẹ̀yin tíṣà, ẹ tún wò ó: owó gan-an ni wọ́n fi rà á. Owó ẹyọ yẹn, etíkun Maldives ni wọ́n ti ń kó o, nínú òkun ọ̀nà India, ọkọ̀ Òyìnbó gbé e wá síbí lóríṣiríṣi àpò láti fi ra èèyàn. Nígbà tá a bá ka owó títí tá a dé 20,000, a ní ọ̀kẹ́ kan, àpò owó ẹyọ kan nìyẹn, ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lẹ́nu wa. Èèyàn ni wọ́n ń gbé àpò náà kalẹ̀ fún. Mo fẹ́ káwọn ọmọ kọ ọ́ síwájú lẹ́tà wọn, kí gómìnà báńkì tó ka ohunkóhun: owó ni wọ́n fi rà wá, ẹ jẹ́ kí owó náà máa gbé ojú wa kiri. Mi ò bìkítà bóyá bíṣọ́ọ̀bù ni tàbí àfáà. Tí wọ́n bá ya Àfàlá yẹn tó dúró ti ọmọ ẹ̀, màá mọ̀ pé ìyá bàbá bàbá mi náà wà níbẹ̀, torí tiẹ̀ kò sẹ́ni tó wá a kàn.

ỌmọÒṣoògùn

Bàbá, ẹ kú ìrántí. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Alhaja_Ìsàlẹ̀Ọ̀ṣun

Bàbá, ẹ ti yí mi lọ́kàn padà. Ìyá àti ọmọ ni kí wọ́n yà. Kí orúkọ Licutan wà nínú lẹ́tà, ó tó mi bẹ́ẹ̀.

Ṣeun_DadaEstate

Kẹ́ ẹ fi Olaudah Equiano náà sí i, káwọn ará Ìlà Oòrùn má bàa sọ pé Yorùbá nìkan là ń jà fún. Nínú ìwé tó kọ ní 1789, ó ní ilẹ̀ Ìgbò ni wọ́n ti jí òun gbé, 40 pọ́ùn ló fi ra ara ẹ̀ padà ní 1766, ìwé yẹn sì wà lára ohun tó ta àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jí sí ọ̀rọ̀ òwò ẹrú. Tó bá jẹ́ ti ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ kí wọ́n dá, ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ ni ọjọ́ tí UNESCO yà sọ́tọ̀ fún ìrántí òwò ẹrú àti ìfòpinsí ẹ̀, ó dá lórí ọ̀tẹ̀ Haiti ti 1791.

Tíṣà_ÒkèFìà

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ yín jáde sórí bébà, mo kà á fún wọn lánàá. Nígbà tí mo dé ti Bàbá Àgbà, ọmọkùnrin kan tó máa ń pariwo jù ní kíláàsì gbé orí lé tábìlì. Wọ́n dìbò lẹ́yìn náà, Àfàlá àti Àjàyí ló wọlé, ẹ̀yìn 500 náírà ni wọ́n fẹ́, kí Zik dúró síwájú. Orúkọ Equiano àti Licutan máa wà nínú lẹ́tà. Wọ́n máa ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ kó tó di ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ ọdún tó ń bọ̀, kí wọ́n má sì pa 500 àtijọ́ run.

Ọmọ tó yọ ogún náírà yẹn ló ya àwòrán ẹ̀. Ó ya ìyá yẹn ní ìró àti gèlè, ọwọ́ méjèèjì ẹ̀ wà ní ìgbọ̀nwọ́ ọmọ ẹ̀, ọmọ náà ga ju ìyá lọ, ó sì tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ó ya ilà mẹ́ta sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá. Mo ní a ò mọ̀ bóyá Àfàlá kọ ilà bẹ́ẹ̀, ó ní ti ìyá bàbá bàbá Bàbá Àgbà lòun fi sí i, mo ní kó kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán kí ẹni tó bá wò ó lè mọ̀.

Bí lẹ́tà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí, àwọn ló kọ ọ́, kọ́mà nìkan ni mo fi sí i: "Gómìnà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ JSS 3 ni wá l'Òṣogbo. Nígbà kan rí nílẹ̀ wa, wọ́n máa ń fi owó ra èèyàn. Wọ́n fi ẹṣin pààrọ̀ ọmọ kan tó kéré sí wa, orúkọ ẹ̀ ni Àjàyí. A fẹ́ kẹ́ ẹ bá wa gbé òun àti ìyá ẹ̀ sórí owó, kí ẹni tó bá ń ra nǹkan lè máa rí wọn."

A fẹ́ gbé e lọ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, torí tó bá di oṣù Kẹjọ, ìsinmi ni, wọ́n á ti tú ká. Lọ́jọ́rú ni mo fẹ́ kó mẹ́rin nínú wọn lọ. Akọ̀wé sà, aago mélòó ló dáa ká débẹ̀?

Akọ̀wéBáńkì_Tófẹ̀yìntì

Aago mẹ́wàá àárọ̀ dáa. Ẹ gba ìwé ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ òbí wọn àti lọ́wọ́ ọ̀gá síkúùlù yín, kí wọ́n wọ yúnífọ́ọ̀mù, kẹ́ ẹ mú ID tiyín dání. Ẹ̀dà mẹ́ta ni kẹ́ ẹ tẹ̀, ọ̀kan fún CBN, ọ̀kan fún aṣòfin, ọ̀kan tí wọ́n máa lu òǹtẹ̀ sí. Ẹ má ká àwòrán ọmọ yẹn o, ẹ fi sáàárín páálí méjì. Màá dúró dè yín lẹ́nu géètì.